Kábíyèsí Ooru, Ayálégbé Tí Kì Í Sanwó Ilé

Ẹ wólẹ̀ fún Ooru! Ooru ọba òru, ọmọ Páànù, ọkọ Abẹ̀bẹ̀, àna Òógùn. Ọba tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ yàrá tọkọtaya. Abọ́ṣọ-lára-àgbà-má-tọrọ-gáfárà. Asọ-bákónì-di-bẹ́ẹ̀dì. Ó dé Múṣin, Múṣin kò sùn. Ó yà ní Yábàá, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìwé tó yẹ kó kà fẹ́ ara. Ó bọ́ sí Sùúrùlérè, lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó ilé oṣù mẹ́rin jọ jókòó síta ní aago méjì òru, kò sẹ́ni tó rántí gbèsè.

Oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún ni Kábíyèsí máa ń ṣọdún. Lọ́sàn-án, ìwọ̀n ooru Èkó a máa tó dígírì 33. Lóru, nígbà tó yẹ kí ilẹ̀ tutù, kì í sábà lọ sílẹ̀ ju 25 lọ. Ìta gbangba ni wọ́n ti wọn ìyẹn o. Inú yàrá ni ààfin wà. Páànù tó gbóná janjan lọ́sàn-án ti máa ń tutù kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù kì í tètè gbàgbé. Ohun tí oòrùn kó sí i lára láti àárọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u jáde sára ẹni tó sùn tì í, títí di ìdájí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ààfin náà dáadáa, kó wọ ilé face-me-I-face-you kan ní Múṣin. Yàrá kan, fèrèsé kan, fẹ́ńsì aládùúgbò sì rèé, ọwọ́ lè kàn án láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀kùn ṣí sí kọ́rídọ̀, níbi tí sítóòfù mẹ́fà ti ń se ọbẹ̀ mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ wọ yàrá gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò gbà jáde, kò sì sí. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sùn nítorí olè? Ẹ̀fọn ni ìwẹ̀fà ààfin. Bí wọ́n bá ta nẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù á tún dín. Bí wọ́n bá ká a, ibà ń bọ̀. Ooru, afipá-mú-ni-mú-ọ̀kan-nínú-ibi-méjì!

Iṣẹ́ tí ọba yìí mọ̀ jù ni kó dènà de ara. Kí oorun tó gbé èèyàn lọ, inú ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀, nǹkan bíi dígírì kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ooru inú ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń yọ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora láìjẹ́ pé ẹni tó ń sùn mọ̀. Òógùn náà ń sa ipá tirẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá gbẹ ló ń tu ara, afẹ́fẹ́ Èkó lóru sì ti rin gbingbin. Òógùn kò gbẹ, ó ń kán. Fóòmù ló ń mu ún.

Ìsákọ́lẹ̀ tí Kábíyèsí ń gbà kì í ṣe owó, ìṣẹ́jú oorun ni. Ìwádìí kan jáde ní 2022, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ ṣe fún àwọn èèyàn tó lé ní 47,000 ní orílẹ̀-èdè 68. Ó fi hàn pé bí òru bá gbóná kọjá dígírì 30, oorun ẹni ń dín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Àgbàlagbà ń san ju ọ̀dọ́ lọ, obìnrin ń san ju ọkùnrin lọ, ará ìlú tálákà ń san ju ará ìlú olówó lọ. Ọba tó mọ ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò!

Àwọn onímọ̀ oorun ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní kí yàrá wà ní nǹkan bíi dígírì 18. Ìmọ̀ràn gidi ni, fún ẹni tí òtútù ń dúró dè lẹ́yìn fèrèsé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á pa ẹ̀rọ amóoru, yàrá á débẹ̀. Ní Sùúrùlérè, rírà ni wọ́n ń ra òtútù. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan, agbára ọba ti lé sí i. É-sì kékeré tó bá ń fa 750 wọ́ọ̀tì fún wákàtí mẹ́jọ á jẹ yúníìtì mẹ́fà: ní iye ìgbà náà, 1,350 náírà fún oorun òru kan ṣoṣo. Fáànù oní-60 wọ́ọ̀tì kò ní jẹ tó ìdajì yúníìtì, nǹkan bí 108 náírà. Àwọn kan á tún tẹ rìmóòtù wá sí 16, wọ́n rò pé yàrá á tètè tutù. Kò ní tètè tutù. É-sì ni kò ní sinmi. Ní Índíà, níbi tí wọ́n ti mọ ọba yìí dáadáa, ìjọba pàṣẹ pé láti 2020, kí é-sì tuntun máa bẹ̀rẹ̀ láti 24. Ẹni tó bá ní é-sì ní Yábàá, kó gbé e sí 25 tàbí 26, kí fáànù máa fẹ́ sí i lára. Afẹ́fẹ́ tó ń rìn ló ń gbẹ òógùn, kì í ṣe nọ́ńbà.

Ooru, ọ̀rẹ́ NẸ́PÀ! Wọ́n múná lọ, ọba gorí ìtẹ́. Wọ́n múná dé, ọmọdé hó “Up NEPA!”, ọba yọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń retí. Ẹni tí kò sí ní Band A ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ló gbójú lé jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, tí kò lè gbé é-sì, tí èéfín rẹ̀ sì ti pa odindi ìdílé mọ́ inú yàrá.

Ohun tó lè dójú ti Kábíyèsí díẹ̀ kò wọ́n. Àgbéyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Texas ní Austin gbé jáde ní 2019 sọ pé omi tó gbóná díẹ̀, tí èèyàn fi wẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì kó tó sùn, ń mú kí oorun tètè dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi gbígbóná, ní Múṣin, nínú oṣù kẹta! Bẹ́ẹ̀ ni o: ó ń pe ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, kí ooru inú lè rí ọ̀nà bá lọ.

Ó ku àwọn afọbajẹ. Lẹ́yìn àrùn tí eégbọn eku gbé kiri Èkó ní àwọn ọdún 1920, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 kí ilé má baà fún mọ́ra jù. Yábàá wà lára ibi tí wọ́n pín sí pílọ́ọ̀tì. Ètò 1955 tí wọ́n fi wó ilé ní Erékùṣù Èkó ló kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè, sí ilé tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Àyè yẹn ni àwọn lánlọ́ọ̀dù ti jẹ mọ́ra. Ẹ̀yìnkùlé di yàrá mẹ́ta, ojú fèrèsé di ṣọ́ọ̀bù POS. Ooru kò fi ogun gba ìlú. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi jẹ ẹ́ lóyè. Ẹ̀jẹ́ńtì tó bá sì ń mú ayálégbé wá wo irú yàrá bẹ́ẹ̀, aago méje àárọ̀ ló máa ń dá fún un. Á ní afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa, ẹnu ọ̀nà ni yóò sì dúró sí tí yóò ti sọ ọ́.