Ẹ Wá Wo Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ Sínú debian/control

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. Ṣé ẹ mọ olùtọ́jú package Debian kan báyìí, èyí tí gbogbo èèyàn ń yìn pé ó mọṣẹ́? Ẹ má bi mí léèrè orúkọ o. Mo ní kí n yọjú sí debian/control rẹ̀, fáìlì tó ń sọ ohun tí package nílò kí wọ́n tó lè kó o jọ. Háà! Gbogbo Build-Depends rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni. Ìlà náà gba ojú kọ̀ǹpútà já, ó ṣì ń lọ. zlib1g-dev ló ṣíwájú, cmake há sáàárín, debhelper-compat wà nídìí pátápátá, gbogbo wọn fún mọ́ra bí ẹrù ọlọ́jà nínú bọ́ọ̀sì. pkgconf tilẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀yin èèyàn mi!

Àgbàlagbà sì ni o. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ wrap-and-sort wà nínú devscripts, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó sáà ti tẹ wrap-and-sort -ast, kíá, package kọ̀ọ̀kan á bọ́ sórí ìlà tirẹ̀, wọ́n á tò ní a-b-d, kọ́mà á sì wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá fi ọ̀kan kún un lọ́la, ìlà kan ṣoṣo yẹn ni diff máa fi hàn. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí ńkọ́? Ó fi ọ̀kan kún un, diff ní odindi ìlà gígùn yẹn ló yí padà. Ta ló fẹ́ jókòó ka ìyẹn? Wọ́n á kàn ní ó dáa, wọ́n á gbà á wọlé.

Mo gbà pé kì í ṣe orí rẹ̀ ni ìwà à-rí-má-tún-ṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Makefile ni debian/rules, fáìlì tó ń darí bí wọ́n ṣe ń kó package jọ, Stuart Feldman ló sì ṣe Make ní Bell Labs lọ́dún 1976. Òun ló fi dandan lé e pé Tab ni kó máa ṣíwájú ìlà àṣẹ. Ó padà rí i pé ohun tí òun ṣe kò dára. Kí ló dé tí kò tún un ṣe? Ó ní àwọn tó ń lò ó ti tó bí èèyàn méjìlá, òun ò fẹ́ dà wọ́n láàmú! Nítorí èèyàn méjìlá, títí dòní, bí ẹ bá fi àlàfo mẹ́jọ sípò Tab, Make á pariwo “missing separator” lé yín lórí, bẹ́ẹ̀ ojú yín ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. ACM tún wá fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní 2003. Ẹ ò rí ayé?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, ní 2024. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fọkàn tán an. Ó wá la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú 5.6.0 àti 5.6.1, inú fáìlì ìkójọ kan tó ń jẹ́ build-to-host.m4 ló sì gbà wọlé. Èyí tó fi síbẹ̀ kò sí nínú git rárá. Nínú CMakeLists.txt, ààmì ìdánudúró kan péré, “.”, ló jù sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan. Ẹyọ kan! Àyẹ̀wò Landlock, tó yẹ kó há ètò náà mọ́ ibi tí kò ti ní lè ṣèkà, kò lè yege mọ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Andres Freund ló kíyè sí i pé ssh òun ń falẹ̀ bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ó tọpa rẹ̀, ó sì tú àṣírí náà ní 29 oṣù kẹta. Debian unstable ti gbé e jẹ nígbà yẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé wrap-and-sort ò lè mú olè yẹn. Mo mọ̀. Àmọ́ ojú tó ti mọ́ wúruwùru lára, níbo ló ti fẹ́ rí ààmì kan ṣoṣo? Àwọn ará Nixpkgs, tí wọ́n fẹ́ràn àríyànjiyàn tó yẹn, gan-an ti gbà kí nixfmt máa to fáìlì wọn.

Ẹ̀yin tí package wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí debian/control yín wò lálẹ́ òní kí ẹ tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹni tí mo ń bá wí mọ ara rẹ̀.