Fáànù Bọ̀dá Òkè

Ṣé ẹ ti gbọ́ pé bọ̀dá òkè ti rí fáànù rà? Fáànù ọkọ̀ o, kì í ṣe ti pálọ̀. Ti pálọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ó ti sú u. Ẹ fa àpótí yẹn súnmọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu géètì kọ́ ló rí.

Ẹ mọ ọkọ̀ pupa yẹn, èyí tó máa ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó ń tú gèlè lẹ́yìn òde. Porsche Boxster ni, ti ọdún 2001, Tòkunbọ̀. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, ó ní Jámánì ni wọ́n ti tò ó. Ta ló bi í? Alága mẹkáníìkì ló tú àṣírí. Ó ní nínú lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀, ká wo èyí tó ṣe ìkọkànlá. Bó bá jẹ́ S, Stuttgart ni. Bó bá jẹ́ U, Finland ni, nílùú kan tó ń jẹ́ Uusikaupunki. Mo ní kó tún un pè, ó ní èyí tí òun pè yẹn ti tó. Ti bọ̀dá òkè, U ló wà níbẹ̀ ketekete. Kò kúkú sí ohun tó burú níbẹ̀: láti 1997 títí di 2011 ni àwọn ará ibẹ̀ fi bá Porsche tò ó, ọkọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti sọ "Jámánì" fún gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, kò sì tíì padà lọ tún un sọ.

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, fáànù.

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú Road ló wà nígbà tí iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lọ́wọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń sọ bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó ń tàn, ó ń kú, díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó ń júwe gbígbóná, àárín ló wà jẹ́ẹ́. Ó dé ilé, ó ṣí bùútù ẹ̀yìn tí agolo omi wà, omi kún. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ tẹ́mósítààtì dànù. Ẹ mọ̀ wọ́n: bí iná ọkọ̀ bá ti lè ṣẹ́jú, tẹ́mósítààtì ló jẹ̀bi. Èkejì ní òun á fa wáyà fáànù rédíétọ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì. Iwájú ni àwọn méjèèjì ń bẹ̀ wò, torí iwájú ni rédíétọ̀ wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kálukú pẹ̀lú fáànù tirẹ̀. Àwọn fáànù wọ̀nyẹn sì ń fẹ́ dáadáa.

Ọkọ̀ yẹn ní bùútù méjì, ẹ́ńjìnì ò sì sí nínú ọ̀kankan. Èmi alára yọjú wo méjèèjì. Àpò ìrẹsì ni mo bá ní tẹ̀yìn, odidi, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ò ní owó bọ́họ̀ọ̀lù lọ́wọ́. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀yìn àga tí èèyàn ń fi ẹ̀yìn tì ni wọ́n tẹ́ ẹ́ńjìnì sí, wọ́n dé e, wọ́n tún fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Yàrá híhá tó gbóná ni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á gba ihò ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bó bá dúró sínú gòsílóò, ooru á kó jọ síbẹ̀, rọ́bà á máa le, wáyà á máa gan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi fáànù mìíràn sẹ́yìn ihò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ihò ti òsì, ẹ́ńjìnì ló ń fi ìyẹn mí. Nǹkan kékeré kan wà nínú yàrá náà tó ń tọ́ ooru wò, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà á ní kí rílè fún fáànù níná. Bí fáànù ò bá jẹ́ ìpè, iná omi yẹn náà ni yóò máa ṣẹ́jú, bí omi tilẹ̀ kún dé ẹnu.

Ìwé ọkọ̀ ló wá dá gbogbo rògbòdìyàn sílẹ̀. Ó ní bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ sì wà nínú gáréèjì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yẹ kí èèyàn gbọ́ ìró fáànù náà. Ògiri wo ló ṣófo ládùúgbò yìí tí kò sí ìsọ̀ níwájú rẹ̀? Ti Ìyá Ẹlẹ́ja nìkan. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu! Bọ̀dá òkè á gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lálẹ́, á pa iná, á ká òrùlé sílẹ̀, á wá dẹ etí sí ògiri obìnrin onílé. Mo kàn bi Ìyá Ìbejì pé ṣé ó ń rí nǹkan ni. Ìbéèrè lásán ni mo béèrè.

Ìyàwó dé ibẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ó lọ́ ìró mọ́ àyà.

"Bàbá Tòmíwá, kí lẹ̀ ń gbọ́ níbí?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi!"

Gbogbo ilé jí.

Bàbá rìwáyà tó wá lọ́jọ́ kejì ló gba ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó yẹ fíùsì wò, ó dára. Ó fi rílè mìíràn pààrọ̀ rílè fáànù, kò sí ìyàtọ̀. Ó fa pọ́lọ́ọ̀gì fáànù yọ, ó fi mítà sí i, mítà ní 12. Àwọn ọmọ ìta pariwo pé iná dé ibẹ̀, fáànù ló kú. Bàbá ní kí wọ́n panu mọ́. Ó fi gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ kan wáyà méjèèjì, ó ń tàn báìbáì. Mítà ò gbé ẹrù kankan, ó ní, ẹ jẹ́ kí wáyà gbé ẹrù ká mọ agbára rẹ̀. Ó tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì lọ, ó bá bóòtù rẹ̀ tó ti hu ìpẹtà. Ó fi sáńpépà ha á, gílóòbù tàn yòò.

Ó dá fáànù padà, kò yí! Ó yọ ọ́ jáde, ewé máńgòrò kún inú rẹ̀. Máńgòrò yìí kan náà tí a ní kí bàbá onílé gé láti àná àná, tó ní bàbá òun ló gbìn ín. Ó gbọn ewé dànù, ó fi èèkù skrudráífà gbá mọ́tò náà, ó yí díẹ̀, ó dákẹ́. Ó ní kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán. Èyí tí wọ́n bá ń lù kó tó ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́ sinmi.

Bí wọ́n ṣe dé ọjà Ládípọ̀ láti ra fáànù mìíràn nìyẹn. Bàbá rìwáyà ò jẹ́ kí wọ́n sanwó títí ó fi gbé fáànù lé bátìrì, tó sì fi ọwọ́ wo apá tí atẹ́gùn ń lọ. Bí wáyà méjèèjì bá yí sódì, fáànù á máa yí sẹ́yìn: ariwo á wà, atẹ́gùn ò ní tó nǹkan.

Ìyàwó rẹ̀ ò gbà gbọ́ àfi ìgbà tí wọ́n jọ gbé ọkọ̀ lọ síbi ògiri, tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyá Ẹlẹ́ja ní tiẹ̀ ti pe akunlé. Ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà pé: MÁ TỌ̀ SÍBÍ. MÁ GBỌ́ FÁÀNÙ NÍBÍ. Iye lẹ́tà ni akunlé yẹn fi ń gbowó, ó sì ti mú ìwé owó náà lọ fún bọ̀dá òkè. Bọ̀dá òkè ní òun á san ti fáànù, kí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ san ti ìtọ̀.