Èmi àti Adìyẹ Tí A Jọ Ń Gbàtọ́jú

Bí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe kán lọ́rùn ọwọ́, ọ̀kadà ni mo máa ń purọ́ mọ́. Òjò ló ń lé mi ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Mo fẹ́ fo gọ́tà bí ọmọ ọdún méjìlá, mo gbàgbé pé mo ti lé lógójì.

Ní ọsibítù, wọ́n ya ẹ́síréè, wọ́n de píópì fún mi. Dókítà ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Ó tán. Èrò tó tò sẹ́yìn mi ti dé ẹnu géètì, n ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 6! Ṣé ọwọ́ yìí ń sàn nínú nǹkan funfun yẹn ni, àbí ó ń rà?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló dáhùn: "Wọ́n á gé e ni. Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí!" Lọ́jọ́ kejì, a ti dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Kò sí ìwé àṣẹ kankan lára ògiri. N ò sì béèrè, èmi tí mo máa ń wá nọ́ńbà NAFDAC lára píọ̀ wọ́tà. Kí wọ́n má baà rò pé aláìmọ̀kan ni mí, mo gbé ẹ́síréè sójú oòrùn, mo ń ṣàlàyé. Bàbá rọra gbà á, wọ́n yí i padà: mo ti dorí rẹ̀ kodò.

Wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá mi, iṣẹ́ mi, bí mo ṣe ń sùn, ta ló ń bá mi fọṣọ. Odidi wákàtí kan! Kí ọ̀rọ̀ owó tó dé, mo ti di ọmọ wọn. Ẹgbẹ̀rún 15 náírà àti adìyẹ kan. Wọ́n ní kí n má tú tòyìnbó. Wọ́n fi òrí pa ìka mi tó yọ síta, wọ́n wá dá adìyẹ lẹ́sẹ̀, pá! Wọ́n fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ dè é, wọ́n pọfọ̀ sí i. "Ọjọ́ tó bá ti rìn, ìwọ náà ti sàn nìyẹn, ọmọ mi."

Adìyẹ yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Píópì ò jẹ́ kí n rí ohunkóhun, ṣùgbọ́n adìyẹ wà lábẹ́ tábìlì, mo ń yọjú wò ó láàárọ̀, mo ń yọjú wò ó lálẹ́. Ó ń jẹ àgbàdo ju bí mo ṣe ń jẹ ìrẹsì lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó dìde, ó tiro dé ìdí fìríìjì, ó yàgbẹ́ síbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. (Eegun adìyẹ tètè máa ń so ju tènìyàn lọ, ta ló sọ fún mi?) Mo rẹ píópì sínú omi, mo fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé e dànù, mo wá fi ọwọ́ náà gbé garawa omi láti dán an wò.

Igbe tí mo ké, adìyẹ sá jáde. Ó mọ eré sá gan-an.

Dókítà wo ẹ́síréè tuntun, ó wò mí. "Ta ló ní kí ẹ tú u?"

"Adìyẹ ti ń rìn, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ̀wé sínú fáìlì, mo na ọrùn. Ó kọ adìyẹ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí.