Ihò Èéfín Tiwa
Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní òtútù ń bọ̀, àwọn ti sanwó fún ẹni tó máa gbá ihò èéfín ilé àwọn, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ má baà gbiná. Wọ́n wá bi mí ìgbà tí a gbá tiwa kẹ́yìn.

Ní Anyama, ìlú obì yìí? Ojú ìyàwó mi ni ihò èéfín wa. Ibẹ̀ ni gbogbo èéfín ààrò ń gbà jáde. Páànù ni wàhálà tiwa, kí òjò tó dé. Mo gun orí rẹ̀ lọ, mo ka ihò mẹ́ta. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti di mẹ́rin. Káfíńtà ní òun ń bọ̀ lọ́la. Láti oṣù Kẹta ló ti ń bọ̀.