Èdè Tuntun ní Abúlé Adó

Àbúrò mi kọ́ Python, kò parí iṣẹ́ kankan. Ó kọ́ JavaScript, kò parí iṣẹ́ kankan. Ó ti dé orí Rust báyìí. Ó ní Python ti darúgbó, láti 1991 ló ti wà, pé Rust ṣì jẹ́ ọmọdé, 2015 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tó dúró ṣinṣin jáde.

Màmá wa bi í pé, “Ìlú wo ni wọ́n ti ń sọ ọ́?”

“Kọ̀ǹpútà là ń bá sọ ọ́, mà.”

“Ṣé òun náà ń dáhùn?”

Àbúrò dákẹ́.

Ní tèmi, “ego ole” (èló ni?) nìkan ni mo gbọ́ nínú èdè Ìgbò. Mo sọ ọ́ ní ọjà Trade Fair lánàá, ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà kúrò lórí owó ọjà. Rust kò tíì yọ kọ́bọ̀.