Ọ̀rànmíyàn Ọjọ́ Méjì

Kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun ní Lágere ní Ifẹ̀, ìyàwó mi ni obìnrin tí wọ́n rí pẹ̀lú mi ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó ilé ni, èyí tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi, tí a sì ti jọ wà fún ọdún 25. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà mí sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà sì ni. Ó ní òun ò ní í sọ nǹkan kan.

Ìkọ́gòsì ló fà á. Tíṣà ìtàn ni mí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún Ìyá Ìbejì pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ìkọ́gòsì ní Èkìtì títí wọ́n á fi pàdé. Pé èyí tó gbóná ń tó ìwọ̀n 70 níbi tó ti ń tú jáde, pé níbi tí méjèèjì ti pàdé, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 37, bí ara ènìyàn gẹ́lẹ́. Mo tún fi ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ lé e: ìyàwó ọkọ kan náà ni omi méjèèjì, oníjà ni gbígbóná, onísùúrù ni tútù. Ìyá Ìbejì ní, "Èmi nìkan ni mò ń ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì nínú ilé yìí. Ó yẹ kí n lọ kí wọn."

Ọ̀rọ̀ náà ìbá ti sùn, àfi bí Táyé wa tó wà ní Ìlú Ọba ṣe lọ ṣeré ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bath, ìlú tó jẹ́ pé Ìwẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Omi tibẹ̀ ń tú jáde ní ìwọ̀n 46, àwọn ará Róòmù sì ti kọ́ ilé ìwẹ̀ lé e lórí, ó ń lọ sí 2,000 ọdún báyìí. Ìyá Ìbejì wo fọ́tò náà títí. Ó béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú omi. Táyé ní láti 1978 ni wọn ò ti jẹ́ kí ènìyàn wẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ nítorí àìsàn, pé ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ á lọ sí ilé ìwẹ̀ ìgbàlódé kan tí wọ́n ṣí nítòsí ní 2006, á sì san owó tibẹ̀ lọ́tọ̀.

"Ẹ gbọ́, wọ́n ń sanwó wo omi!" ni Ìyá Ìbejì wí. "Àwa tí tiwa ṣeé kì ẹsẹ̀ bọ̀, ọkọ wa ò gbé wa débẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe ṣèlérí pé bí ìgbéyàwó wa bá pé ọdún 25, Ìkọ́gòsì yá. Ìlérí a máa dùn lẹ́nu nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ṣì jìnnà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo yà sí ilé epo, mo wo owó tí ẹ̀rọ ń kà, mo ní kí ọmọ yẹn dúró bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé òtẹ́ẹ̀lì kan wà nínú Ifẹ̀ níhìn-ín, tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa kí òógùn tó bò ó. Ó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, ó ní yàrá tí wọ́n ti ń fi òróró wọ́ ara fún ènìyàn, wọ́n sì kọ "spa" gàdàgbà sára ògiri. N kò parọ́ o. Mo kàn sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó palẹ̀ mọ́, pé ní Sátidé a ń lọ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé.

Kẹ́hìndé ló ṣe ìyá rẹ̀ lóge. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n nínú ìró àti gèlè, ẹ ò bá fi í sílẹ̀ láì kí i lọ́jọ́ yẹn: wíìgì kúkúrú, ṣòkòtò jíǹsì, dígí dúdú tó gba ìdajì ojú. A jáde. Ó ń retí títì Iléṣà, kí a gba Erin-Ìjẹ̀ṣà wọ Èkìtì. Mo yà sọ́wọ́ òsì.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ gbàgbé?"

Mi ò fèsì. Mo tún yà. Géètì ṣí. Ó yọ dígí lójú, ó wò mí, mo sì mọ̀ pé kò sí èyí onísùúrù nínú ọkọ̀ mọ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nídìí káńtà kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú bírò ni mo gbọ́ ìlù. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, aṣọ ẹbí kún ilẹ̀ bí ewé, mo sì rí ìyá ìjọ wa kan tó gbé àwo ìrẹsì kọjá. Ọkàn mi já. Ta ni yóò gbà pé ẹni tó nílé ní Lágere lọ sanwó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì nínú Ifẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó ara rẹ̀? Mo fa fìlà bojú. Mo gbójú sókè láti wá orúkọ, àwòrán Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ló wà lórí ògiri níwájú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀rànmíyàn, láti Èkó.

Ọmọbìnrin náà kà á, ó wo ògiri, ó wò mí. "Sà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọ̀pá yẹn?"

"Ẹbí ni wá," ni mo wí.

Mo ní ẹlẹgbẹ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ṣá. Ní Oṣù Kejìlá 1926, Agatha Christie tó ń kọ ìwé ìtàn ọ̀daràn bínú kúrò nílé, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wá a fún ọjọ́ 11. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti rí i, ní Harrogate, ìlú omi ìwòsàn kan ní àríwá, níbi tó ti fi orúkọ ìdílé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń yàn lálè forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn rántí orúkọ tó kọ. Òun ni ìyàtọ̀ àwa méjèèjì.

Ọmọkùnrin kan mú wa dé yàrá wa lókè, ó ki káàdì bọ ẹnu ọ̀nà, ó tún kì í bọ ihò kan lára ògiri, iná tàn. Mi ò fiyè sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí mo ṣe máa tu Ìyá Ìbejì lójú. Mo fà á wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà sínú agbada ńlá funfun tó wà níbẹ̀. Mo ní, "Gbígbóná rèé. Tútù rèé. Ó parí, wọ́n ti pàdé."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ́ ara, pé èyí tó gùn jù nínú gbogbo rẹ̀ lòun máa gbà, pé èmi ni n óò sanwó. Mo bọ́ra. Kí n tó bú omi sára, mo ní kó pa ìlẹ̀kùn dé dáadáa.

Apá òsì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ láti kékeré. Mo ti fi kànìnkànìn fọ apá òsì láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọṣẹ hó bí ẹmu àárọ̀, ni gbogbo ibẹ̀ bá ṣókùnkùn. Ìyá Ìbejì ti yọ káàdì lọ. Èmi ò mọ̀. Mo rò pé wọ́n mú iná lọ ni. Ara Nàìjíríà kì í wá ìdí òkùnkùn lọ títí. Mo ta táwẹ̀lì mọ́dìí, mo ṣílẹ̀kùn kí n pe ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, àṣé iná ń tàn wàà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde díẹ̀ kí n wò ó dáadáa. Ìlẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn mi, pàà.

Mo kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lójú, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí káńtà. Ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́.

"Orúkọ yín, sà?"

Mo sọ orúkọ mi, gẹ́gẹ́ bí baba mi ṣe sọ mí. Ó yẹ ìwé wò. Kò sí i. Mo sọ nọ́ńbà yàrá. Ó ní ẹlòmíràn ló ni yàrá yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé mo ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n orúkọ náà gan-an ti fò lọ lórí mi. Mo ṣáà mọ̀ pé ó jẹ́ ti ìtàn.

"Odùduwà," ni mo wí.

"Kò sí Odùduwà níbí, sà."

"Ọbàlùfọ̀n ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ sí agogo, bàbá ṣọ́ọ̀bodè sì wọlé tòun ti kóńdó. Ìgbà tí mo gbójú sókè bẹ Ọlọ́run ni mo rí àwòrán yẹn. "Ọ̀rànmíyàn!" Mo fi gbogbo agbára pariwo rẹ̀. Ìlù dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn.

Ọmọ Ifẹ̀ ni bàbá ṣọ́ọ̀bodè. Òun náà mọ ìtàn tí gbogbo wa mọ̀, pé Ògún àti Odùduwà jọ bá obìnrin kan náà lò, nígbà tó sì bímọ, apá kan ọmọ náà dúdú bí Ògún, apá kejì pọ́n bí Odùduwà. Ó wo apá ọ̀tún mi, ó wo apá òsì tí ọṣẹ ti sọ di funfun báláú. Ó sọ kóńdó kalẹ̀.

"Ẹ fún wọn ní káàdì," ni ó wí. "Àwọn ni lóòótọ́."

Àwọn aláṣọ ẹbí ti jáde wá wòran. Àárín wọn ni ìyá ìjọ wa wà, àwo ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àsìkò náà ni Ìyá Ìbejì yọ láti yàrá ìwọ́ra, wíìgì lórí, dígí lójú, tí òróró ń dán lára rẹ̀ bí ọmọge tó ń lọ ilé ọkọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó fà mí lọ́wọ́ gba orí àtẹ̀gùn lọ, níṣojú gbogbo ìjọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún wa ní bàbá Èkó kò gbọdọ̀ lọ láì rí ọ̀pá baba ńlá rẹ̀. Mi ò lè kọ̀. Mo sanwó kí wọ́n mú mi lọ wo ohun tí mo ti ń kó ọmọ kíláàsì lọ wò láti ọdún gbọọrọ. Afinimọ̀nà ní òkúta náà ga ní mítà mẹ́wàá. Mo di ẹnu mú, mo di í mú, ó bọ́: "Márùn-ún àbọ̀ péré ni." Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yíjú. "Háà, Tíṣà! Àwọn ọmọ dà?" Afinimọ̀nà fi ìtìjú yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní àwọn kan gbà pé ìtumọ̀ Ọ̀rànmíyàn ni "ọ̀ràn mi yàn", pé èmi ni mo jàre. Ìyá Ìbejì, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti alẹ́ àná, ní òun fẹ́ràn orúkọ yẹn.

Ó ti ṣírò owó kí a tó délé. Yàrá, ìwọ́ra, afinimọ̀nà, táwẹ̀lì tí mo fà ya lẹ́nu ọ̀nà: epo tó ń gbé ni lọ sí Ìkọ́gòsì tó sì ń gbé ni bọ̀ wà nínú rẹ̀, ó tún ṣẹ́ kù.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé ni ìyá ìjọ pè é. Ìyá Ìbejì gbé fóònù sórí tábìlì, ó sọ ọ́ sí gbangba kí n lè gbọ́. Ìyá ìjọ ní kó mọ́kàn le, pé ojú òun ló ṣe, pé Bàbá Ìbejì wà ní òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọmọdébìnrin kan, ìhòòhò lọkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Mo ń ṣẹ́wọ́ sí i pé kó sọ ọ́, kó sọ pé òun ni. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Báwo ni ọmọ náà ṣe rí, mà?"

"Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ."

Ìyá Ìbejì pé ọdún 51 ní oṣù tó kọjá. Ó fa àga súnmọ́ tábìlì, ó jókòó.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ẹ tún un sọ."