Wáyà Ò Mọ Tíṣà

Bí Igogo bá ti wọlé l'Ọ̀wọ̀, gèlè dèèwọ̀ fún obìnrin, fìlà dèèwọ̀ fún ọkùnrin, ìlù kò sì gbọdọ̀ dún, agogo nìkan ni. Ó wá ku kí obìnrin fi ọrùn àti ọwọ́ ṣe fáàrí. Ohun tó kó bá mi nìyẹn. Mo jókòó sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ jẹ́jẹ́, mo la ẹnu, mo ní kí ìyàwó mi má ra ẹ̀gbà ọwọ́, pé èmi fúnra mi ni n óò ṣe é: ẹ̀gbà idẹ tí a fín, tí a tẹ wáyà bàbà sínú ìlà ọnà rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ àtijọ́ ṣáà gbẹ́ eyín erin kan ṣoṣo di ẹ̀gbà méjì tó wọnú ara wọn, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Bí wọ́n bá ṣe ìyẹn, kí ló ń jẹ́ wáyà?

Wáyà iná ni mo bó. Irin oníhò ni wọ́n fi ń fà á kó tín-ín-rín: ihò rẹ̀ tò láti ńlá dé kékeré. Èèyàn á fi fáìlì rẹ́ ẹnu wáyà kó ṣóńṣó, á tì í bọ ihò, á fi ẹ̀mú gbá a mú, á fà á já. Bàbá alágbẹ̀dẹ tó yá mi ní irin náà kìlọ̀: “Tíṣà, má fo ihò o. Bó o bá fà á díẹ̀, dá a padà síná kó pọ́n, torí fífà máa ń mú kó gan. Fi òrí pa á.”

“Ẹ ṣé, bàbá, mo ti gbọ́.”

Kí ni mo gbọ́? Ihò mẹ́rin ni mo fò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo fà á tagbáratagbára. Wáyà já páú! Èmi àti ẹ̀mú bá ara wa nínú báfù tí ìyàwó mi rẹ aṣọ sí.

Mo wá rántí iná nígbà tí wáyà ti tín tán. Mo sọ ọ́ sínú èédú tó ń jó, mo ń fẹ́ ẹ bí ẹni yan àgbàdo. 1,085 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ni bàbà ń yọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di wóró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo fa òmíràn.

Ti ìlà fífín, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ìsàlẹ̀ ìlà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ kí wáyà tí a lù wọ ibẹ̀ lè há. Tèmi fẹ̀ lẹ́nu, ó há nísàlẹ̀. Irin tí àwọn ará Bìní tẹ̀ sí iwájú orí ère ojú Idia, ìyá ọba wọn, èyí tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC 1977, ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Wáyà tèmi ò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fò jáde. Bàbá ló bá mi tún un fín. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá.

Ó wá ku dídán. Iná ti sọ ẹ̀gbà di dúdú, mo rì í sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ìyẹn dáa. Àmọ́ ìṣó irin ni mo fi gbé e kọ́ mọ́jú. Bàbà tí ọsàn ti fọ̀ sínú omi, ìṣó ń lé e padà sára idẹ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, idẹ pọ́n, wáyà pọ́n, ọnà pòórá.

“Bàbá Bọ́lá, ọnà tí ẹ ní ẹ ṣe dà?”

Mo ní ó wà nínú.

Bàbá ní kí n fi eérú kíkúnná àti àkísà rọra ra á. Rárá o, tíṣà gbọ́n jù. Mo yá ẹ̀rọ tó ń yí bírí tí wẹ́dà àdúgbò fi ń rẹ́ irin, mo we àkísà mọ́ ọn lẹ́nu, mo tàn án. Ó já ẹ̀gbà gbà lọ́wọ́ mi, ó jù ú kọjá ògiri sínú agbada gàrí Ìyá onígàrí. Ìyá ké tòò: àwọn ayé ti ju òògùn sínú ọjà òun! Kò fọwọ́ kàn án, àwọn èrò ń pé jọ, wọ́n ń wá pásítọ̀. Kí n tó jẹ́wọ́, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gàrí inú agbada náà ni mo san owó rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ìyàwó mi wọ lọ sí Igogo. Gàrí la fi ń jẹ ẹ̀wà títí di oṣù Kọkànlá.